Àtẹ Ìpápánu Ọdún: Àlejò Wa Kì Í Dé Lẹ́ẹ̀kan Náà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ sì kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún Kérésìmesì tó ń bọ̀ lọ́nà. Ohun tó mú mi kọ̀wé ni àwòrán àtẹ ìpápánu tó máa ń gba orí Facebook àti Instagram kan ní oṣù Kejìlá, tí àwọn ènìyàn wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò ṣe: pákó pẹrẹsẹ tí wọ́n to wàràkàṣì, èso àjàrà, bisikíìtì àti ẹran gígé féléfélé sí, tí gbogbo rẹ̀ wá rí bí igi Kérésìmesì. Ó wu ojú lóòótọ́. Àmọ́ èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ oúnjẹ àríyá sísè ní Ìbàdàn mọ̀ pé ilé tí àlejò rẹ̀ ń pé jọ lẹ́ẹ̀kan náà ní alẹ́, tí wọ́n á jókòó, tí wọ́n á jẹ ẹ́ tán, tí wọ́n á sì dìde, ni irú àtẹ bẹ́ẹ̀ wà fún. Àlejò tiwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn ará àdúgbò, àwọn ẹbí ọkọ, àwọn Mùsùlùmí tí a jọ ń gbé àti àwọn ọmọdé tó wọ aṣọ ọdún yóò ti máa wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, onílé kò sì lè sọ iye tí wọn yóò jẹ́.

Nítorí náà, ìpápánu tó lè wà nílẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ láìbàjẹ́ ló yẹ kó pọ̀ jù lórí àtẹ, a sì ní wọn yanturu. Ṣínṣín tí a din títí tó fi pọ́n dáadáa, tí a sì jẹ́ kó tutù pátápátá kí a tó dé e mọ́ inú ike, a máa lo ọ̀sẹ̀ méjì láìrọ̀. Ìpékeré, kókóró ilẹ̀ Ẹ̀gbá, róbó tí a fi ẹ̀gúsí ṣe, kúlíkúlì àti ẹ̀pà yíyan náà wà níbẹ̀. Aádùn, tí a fi àgbàdo yíyan tó lọ̀ kúnná àti epo pupa pò, kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn, pàápàá bí ará Èkìtì tàbí Oǹdó bá wà nínú àlejò. Dòdò Ìkirè ńkọ́? Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá ààlà ni, pẹ̀lú ata àti iyọ̀, tí wọ́n din nínú epo pupa títí tó fi dúdú. Dúdú rẹ̀ yìí ló ń mú kí àwọn kan máa fojú tín-ín-rín rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ẹ̀pà jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan yóò tún béèrè.

Bí a bá wá ń tò wọ́n, ohun tó gbẹ kò gbọdọ̀ fara kan ohun tó ní epo tàbí omi lára. Aádùn tó bá ti kan ṣínṣín ti sọ ọ́ di rírọ̀ nìyẹn. Ẹ fi ewé eéran pọ́n aádùn ní kékeré-kékeré, kí ẹ bu dòdò Ìkirè sínú igbá fínfín Ọ̀yọ́ láàárín àtẹ, kí ẹ sì ya ẹ̀pà àti kúlíkúlì sọ́tọ̀ pátápátá, nítorí àwọn tí ara wọn kọ ẹ̀pà. Ní ti àwọ̀, a kò nílò ríbọ́ọ̀nù kankan: oṣù Kejìlá gan-an ni àgbálùmọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, bí a bá sì tò ó yí àgbọn gígé funfun àti ewé tútù ká, ọdún ti dé nìyẹn. Ẹ má gbàgbé abọ́ òfìfo fún èèpo àti kóró rẹ̀ o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, orí àga yín ni oje rẹ̀ yóò lẹ̀ mọ́.

Pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù, mọ́sà, sàmósà àti sùyà ni kò yẹ ká tò kalẹ̀ láti àárọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ pé oúnjẹ tí a ti sè kò gbọdọ̀ wà nílẹ̀ lásán ju wákàtí 2 lọ, ìkìlọ̀ yìí sì kan àwa tí iná mànàmáná wa ń ṣe ségesège ju ẹnikẹ́ni lọ. Yàtọ̀ sí èyí, ọyẹ́ kì í jẹ́ kí pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù pẹ́ kí ara rẹ̀ tó le. Bí àlejò bá ṣe ń wọlé ni kí ẹ máa dín in, díẹ̀díẹ̀. Ẹ má po gbogbo ìyẹ̀fun rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, torí èyí tó bá wú di ọ̀sán yóò kan. Ẹ po ti àárọ̀, kí ẹ tún po ti ìrọ̀lẹ́. Ọyẹ́ yìí kan náà ló ń kó eruku wọlé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àwọ̀n bo àtẹ.

Ẹ tún rántí àwọn tí ẹ ń gbé e fún. Sọ́séèjì ẹlẹ́dẹ̀ kò gbọdọ̀ sí lórí àtẹ tí Mùsùlùmí yóò nawọ́ sí, bẹ́ẹ̀ sì ni kéèkì tí a fi ọtí rẹ èso inú rẹ̀. Ẹ gbé e sọ́tọ̀, kí ẹ sì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bàbá tí eyín rẹ̀ ti ń mì kò ní dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbé kókóró síwájú rẹ̀. Wàrà dídín ni kí ẹ fún un, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ náà lè jẹ nínú rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín, Olóòtú, ni pé kí ojú ewé oúnjẹ yín gbé àwòrán irú àtẹ yìí jáde kí ọdún tó kàn wá lára, kí ẹ sì lọ bá àwọn ìyá tí ń ṣe aádùn àti róbó kí wọ́n fi ẹnu ara wọn ṣàlàyé iṣẹ́ wọn. Ó yẹ kó tètè jáde, nítorí ẹni tó bá fẹ́ aádùn tó pọ̀ ní láti sọ fún wọn ṣáájú.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Alásè kan, Ìbàdàn