Lẹ́tà sí Dúpẹ́ nítorí igun ilẹ̀ ìdí àpáta

Kabba,
Ìpínlẹ̀ Kogí.

Dúpẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Okun o. Mo rí iṣẹ́ tí o rán sí mi pé kí n bá ọ wá bíríkìlà tí yóò kọ́ ilé ìtajà sórí ilẹ̀ bàbá yín, mo sì ti bá ọ̀kan sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó já iyanrìn sílẹ̀, mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún igun tó wà ní ìdí àpáta, èyí tí kò fẹ̀ ju yàrá méjì lọ, tí ẹnikẹ́ni kò fi ọkọ́ kàn rí nítorí òkúta rẹ̀.

Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, òdòdó kan yọ níbẹ̀ tí n kò rí mọ́ ní àdúgbò wa láti ìgbà tí ilé ti kún ibi gbogbo. Ewé mẹ́rin péré ni ó ní, wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ sórí ilẹ̀ bíi pé ọwọ́ ni a fi tẹ̀ wọ́n, etí wọn pọ́n díẹ̀, òdòdó ńlá aláwọ̀ ìyeyè sì là láàárín wọn láìní igi kankan tó gbé e dúró. Ìbátan tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún ni. Costus spectabilis ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Òun ni wọ́n yà sí ìdí ẹsẹ̀ ẹṣin funfun méjì inú àmì àṣẹ Nàìjíríà, nítorí náà o ń gbé e kiri lára ìwé ìrìnnà rẹ. (Pupa ni ọ̀pọ̀ ayàwòrán ń kùn ún. Bóyá wọn kò rí i rí.)

Iná tó ń jó igun náà lọ́dọọdún nígbà ọyẹ́ kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀. Inú ilẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀ tó sanra ń sùn sí ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn, orí ilẹ̀ ni iná ń gbà kọjá, ó sì ń jó koríko gíga tí ì bá ṣíji bò ó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún òdòdó pupa mìíràn, Gloriosa superba, tó ń fi ṣóńṣó ewé rẹ̀ di igbó mú gòkè, èyí tí májèlé wà nínú iṣu rẹ̀. Oògùn apakoríko tí bíríkìlà ní kí n rà ni mo ń bẹ̀rù: ojú ewé ni a ń fín in sí, ṣùgbọ́n ó ń sọ̀ kalẹ̀ títí dé gbòǹgbò, níbi tí iná kì í dé.

Bí o bá gbà, kí a sún ògiri ẹ̀yìn síwájú díẹ̀. Jọ̀wọ́, tètè fèsì, nítorí bíríkìlà fẹ́ gba owó ìpìlẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, bí owó bá sì ti dé ọwọ́ rẹ̀, kò ní gbọ́ tiwa mọ́.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Bọ́sẹ̀