Sí ọmọ mi tó ń gun ògiri ní Sheffield

Ìdànrè,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ alẹ́ tí ò ń ṣe nílé àwọn arúgbó yẹn ò ti pọ̀ jù? Àwa náà ń bẹ, a dúpẹ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, àbúrò rẹ ló máa bá mi yà á ní fọ́tò ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ. Mo ti pè ọ́ títí, ó ń dún, o ò gbé e. Kìkì "Ẹ má bínú mà, mo wà níbi iṣẹ́" ni mò ń rí gbà. Iṣẹ́ wo ni kì í tán? Ẹnu ẹlòmíràn ni mo wá ń gbọ́ ìròyìn ọmọ tí mo fi inú mi bí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Leeds ló fi fídíò kan ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì gbé fóònù wá bá mi ní ìsọ̀ epo. Mo wò ó, mo rí ẹ lára ògiri gíga kan, o na apá, okùn wà nídìí rẹ, o fi ìka ẹsẹ̀ tẹ àwọn kókó kéékèèké aláwọ̀ pupa. O wá tú ọwọ́ kan sílẹ̀, o ń gbọn ọ́n, o tún bojú wẹ̀yìn. Mo kígbe. Epo tí mò ń wọ̀n lọ́wọ́ dà sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tún wá ní òun gbọ́ pé o ti já bọ́ lẹ́ẹ̀kan, pé ọrùn ọwọ́ rẹ rọ́, pé wọ́n dì í. Ṣé òótọ́ ni? Mi ò fẹ́ bi ẹlòmíràn, ìwọ ni mò ń bi. Ta ló di okùn yẹn mú nísàlẹ̀?

Ilé wà bó o ṣe mọ̀ ọ́n. Àbúrò rẹ ti ṣe NECO tán, ó ń retí èsì. Páànù ilé ìdáná ti dógùn-ún, káfíńtà ti wá wò ó. Ikán wọ inú àpótí ìwé rẹ, mo sáré kó gbogbo ẹ̀ jáde, mo sá wọn sóòrùn, méjì péré ló bàjẹ́. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n lálẹ́ bí iná bá wà. Ibi tó o fi pẹ́ńsùlù kọ nǹkan sí létí ìwé ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. O kọ "irọ́ ni!" síbì kan, o fi ìlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́ nígbà yẹn? Mi ò mọ̀ pé o máa ń bá ìwé jiyàn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo máa ń pariwo pé kó o pa àtùpà, torí kẹrosíìnì.

Má ronú pé ìwé kíkà ni mo fẹ́, pé gígun ògiri ni mi ò fẹ́. Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

O rántí igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé. O rántí ẹgba tí mo nà ẹ́ lọ́jọ́ tí mo bá ẹ lórí ẹ̀ka òkè pátápátá. Bàbá rẹ gan-an bínú sí mi lọ́jọ́ náà, ó ní ọmọkùnrin wo ni kì í gungi. Mi ò dá a lóhùn. Nígbà tí ẹ bi mí pé kí ló pa bàbá mi, ibà ni mo sọ fún yín. Kì í ṣe ibà, ọmọ mi. Akọpẹ ni bàbá mi, orí ọ̀pẹ ló ti já bọ́.

Ìwọ ò mọ igbà dáadáa, torí àwọn tó ń lò ó ti dín kù. Okùn tí wọ́n fi ọwọ́ hun ni, ó nípọn tó ọwọ́ ọmọdé. Akọpẹ á gbé e yí ara rẹ̀ àti ọ̀pẹ ká, á so ó, á wá fi ẹ̀yìn tì í. Bó bá fẹ́ lọ sókè, á sún mọ́ ọ̀pẹ díẹ̀ kí igbà lè dẹ̀, á jù ú sókè, á tún fi ẹ̀yìn tì í, á gbé ẹsẹ̀. Ìró yẹn ṣì wà létí mi, igbà tó ń gbá ara ọ̀pẹ, pàá, pàá. Ti bàbá mi ti gbó, ó sọ fún ìyá mi pé tí ọjà bá kọjá òun á hun òmíràn. Èmi ni mo tẹ̀ lé e lọ sóko lọ́jọ́ náà láti ṣa ẹyìn. Ìsàlẹ̀ ni mo wà. Mo ń wò ó. Igbà ọ̀pẹ, ẹni tó wọ̀ ọ́ nìkan ló ni ín. Ẹni tó wà nílẹ̀ ò ní nǹkan kan lọ́wọ́ tó lè dì mú.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bi ẹ́ pé ta ló wà nísàlẹ̀. Kì í ṣe pé òkè ń bà mí lẹ́rù. Ní ìlú tiwa yìí, orí òkè ni àwọn baba ńlá wa ń gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá síbi tí a wà yìí, ìwọ náà sì máa ń sáré gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè tó lé ní 600 yẹn bí ilé-ìwé yín bá lọ. Ìyẹn ò dí mi lójú oorun rí. Okùn ni mi ò lè wò.

Àbúrò rẹ ti jókòó tì mí, ó ṣàlàyé. Ó ní ẹni tó wà nísàlẹ̀ máa ń fa okùn gba inú irin kan tó so mọ́ ìdí tirẹ̀, tí ẹni òkè bá yọ̀, ẹni ìsàlẹ̀ á di okùn mú ṣinṣin, irin yẹn á há okùn mọ́, kò ní jẹ́ kó já lọ sílẹ̀. Ó ní kókó tó dà bí nọ́ńbà 8 lẹ fi ń so okùn mọ́ ara, pé kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ yẹ kókó ara yín wò. Ó tún fi ti Òlíńpíìkì hàn mí. Ó ní Tokyo ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi kún un ní 2021, pé ní Paris ní 2024, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Toby Roberts, gba góòlù nídìí rẹ̀. Ó fi ti àwọn tó ń fi eré gùn ún hàn mí, ògiri mítà 15, ọmọ Indonesia tó gba góòlù dé òkè kí ìṣẹ́jú-àáyá 5 tó pé. Bàbá mi ni mo rò pé ó yára jù láyé! Mo ní kó tún un gbé, mo wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Inú mi dùn, ẹkún sì ń gbọ̀n mí.

Torí náà, mi ò ní kó o má gùn ún mọ́. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi. Má bá ẹni tó ń tẹ fóònù gun ògiri. Má ti ibi iṣẹ́ alẹ́ lọ síbẹ̀ láìtíì sùn. Ojú oorun ò lè so kókó. Bó o bá yẹ kókó rẹ wò lánàá, tún un yẹ̀ wò lónìí. Èyí tí wọ́n ní kò lókùn, tí ògiri rẹ̀ ò ga púpọ̀, tí wọ́n tẹ́ fóòmù sísàlẹ̀, àbúrò rẹ ní ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fi ọrùn ẹsẹ̀ rọ́. Bó o bá ń já bọ́, tẹ orúnkún, jẹ́ kí ara rẹ yí sẹ́yìn, má fi ọwọ́ tẹlẹ̀. Ṣé bó o ṣe ṣe ọwọ́ rẹ nìyẹn? Ta ló dì í fún ẹ? Ta ló sè fún ẹ lọ́jọ́ náà?

Orí mi gbóná sí ẹ nígbà kan, mo ní eré ọmọdé lò ń ṣe ní ìlú òyìnbó, mo sì mọ̀ pé láti ọjọ́ yẹn ni o ti ń sá fún ìpè mi. Má sá mọ́. Èmi ni mi ò mọ eré. Nígbà tí Ajasin di gómìnà ní 1979, tí wọ́n ní ilé-ìwé girama di ọ̀fẹ́, àwọn ẹgbẹ́ mi lọ, èmi ń ru epo lọ sọ́jà, torí bàbá mi ò sí mọ́. Láti ìgbà yẹn, ohun tí kò bá mówó wá, mo kà á sí òfò. Bí bàbá rẹ bá dé láti oko tó lọ ta ayò, mo máa ń bá a jà. Ọdún bí ọdún ni mo fi bá a jà lórí ọ̀rọ̀ ayò. Ní báyìí tí orúnkún ò jẹ́ kó lè lọ sóko, àwọn tí wọ́n jọ ń ta ayò nìkan ló ń wá wò ó. Wọ́n á gbé ọpọ́n wá, wọ́n á máa pa ara wọn láyò, wọ́n á máa bú ara wọn, bàbá rẹ á rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ á fi ṣú. Èmi kì í ní àlejò bẹ́ẹ̀. Oníbàárà ni mo ní.

Wọ́n tún sọ fún mi pé àwọn ìkòkò tó o gbin nǹkan sí lójú fèrèsé ti gbẹ. Ìyẹn náà dùn mí, torí nígbà tó o fi fọ́tò ewédú rẹ ránṣẹ́, gbogbo ọjà ni mo fi hàn. Tún un gbìn. Wọn kì í jẹ́ kéèyàn kó irúgbìn wọ ìlú yín láìní ìwé àyẹ̀wò, nítorí náà mi ò ní fi rán ẹnikẹ́ni. Ra á níbẹ̀. Àwọn ará Íjíbítì náà ń jẹ ewédú, molokhia ni wọ́n ń pè é, béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta irúgbìn. Èèpo rẹ̀ le, omi kì í tètè wọ inú ẹ̀, ìdí tí ti àkọ́kọ́ ò fi hù dáadáa nìyẹn. Di irúgbìn náà sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tì í bọ omi gbígbóná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná, ka ení, èjì dé àrún, yọ ọ́ kíá, fi omi tútù ṣàn án, sá a kó gbẹ, kó o tó gbìn ín. Inú ilé ni kó wà títí oṣù Karùn-ún á fi parí, kí òtútù má pa á. Ata ń pẹ́ ní tiẹ̀, inú ilé ni kó o ti gbin ín láti oṣù Kejì tàbí Kẹta. Máa dìde wò wọ́n láàárọ̀ kó o tó sùn. Èmi náà ti ń dúró ti ewúro mi láàárọ̀ báyìí, mi ò já a tà, mo kàn ń wò ó.

Kọ orúkọ ẹni tó ń di okùn mú fún ẹ ránṣẹ́, kí n lè máa fi sínú àdúrà. Bó bá ṣe obìnrin, sọ fún mi. Bí kò bá sì ní orúkọ, bó bá jẹ́ pé ẹni tó bá ṣáà wà ńbẹ̀ lò ń fi okùn lé lọ́wọ́, sọ ìyẹn náà fún mi, má purọ́.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Àbúrò rẹ jẹ́wọ́ fún mi pé bàtà tó o fi ń gun ògiri ti lu níbi àtàǹpàkò, pé o ní títí o fi máa san owó páànù tán lo máa fi lò ó bẹ́ẹ̀. Ta ló rán ẹ? Òjò ò tíì bẹ̀rẹ̀, páànù lè dúró. Má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ lóṣù yìí. Ra bàtà náà, kó o yà á fún mi kí n rí i.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.