Lẹ́tà sí Bọ́látitó: iṣẹ́ ọwọ́ Ọjọ́ Olólùfẹ́ fún àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi

Ìjẹ̀bú-Òde.

Bọ́látitó ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà ní Ṣágámù? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ní ti iṣẹ́ ọwọ́ tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ máa ṣe de ọjọ́ 14 oṣù Èrèlé, iṣẹ́ tí olùkọ́ bá ti ṣe tán kí ọmọ tó fọwọ́ kàn án kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ mọ́. Bí ìyá kan bá gba káàdì tí kò ní àbàwọ́n kankan, ó mọ̀ pé ìwọ lo ṣe é. Èyí tó wọ́ díẹ̀ ni wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri.

Má wulẹ̀ náwó lé gọ́ọ̀mù inú ike kékeré yẹn, àwọn ọmọ á tú u tán ní ìjókòó kan. Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ gbígbẹ tí wọ́n ń tà ní Òkè-Ajé tó, irú èyí tí a fi ń mú aṣọ le, kí wọ́n má ṣáà ti po búlúù mọ́ ọn. Bu ṣíbí ìjẹun 2 sínú abọ́, fi omi tútù tó tó ìdá mẹ́rin ife pò ó títí kò fi ní kókó mọ́. Kí o tó wá da omi ife 1 tó ń hó gùdù lé e, kí o máa rò ó bí ìgbà tí a bá ń po ògì. Funfun rẹ̀ á pòórá, á ki, á sì máa fà. Bó bá ṣì funfun, omi rẹ ò hó dáadáa ni: gbé e ka iná kékeré, máa rò ó lọ. Ẹni tó bá da omi gbígbóná lé ìyẹ̀fun gbígbẹ, kókó ni yóò rí, kò sì sí àtúnṣe. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni kí o sè é, torí pé lọ́jọ́ kẹta á ti kan. Ọmọrí ìgò ni kí o bù ú sí fún wọn, ọmọrí kan fún ọmọ méjì.

Fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta, má gbé sísọ́ọ̀sì sún mọ́ wọn. Yíya ni tiwọn. Wá kàlẹ́ńdà àtijọ́ tàbí ìwé ìròyìn tí ojú rẹ̀ pupa, kí wọ́n máa fi ìka ya á wẹ́wẹ́. Dán igun rẹ̀ wò ná, nítorí pépà ní ọ̀nà tó ń gbà ya: lápá kan á ya gbọọrọ, lápá kejì á wọ́ kúrò lójú ọ̀nà. Apá tó ń ya gbọọrọ ni kí o dojú rẹ̀ kọ wọn. Ìwọ ya àwòrán ọkàn ńlá sórí páálí, kí ọmọ fi gọ́ọ̀mù pa inú ọkàn náà, kó wá máa da àjákù pépà sí i. Bó bá jẹ́ pé àjákù kọ̀ọ̀kan ló ń pa gọ́ọ̀mù sí, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ á lẹ̀ mọ́, ẹkún á sì tẹ̀ lé e.

Títẹ àtàǹpàkò ló rọrùn jù lọ, òun náà ló sì dùn mọ́ àwọn ìyá jù. Rin fóòmù kékeré, fún un gbẹ díẹ̀, da ọ̀dà pupa olómi sí i lórí ọmọrí ike. Ọmọ á tẹ àtàǹpàkò sí i, á tẹ̀ ẹ́ sórí káàdì kó dagun sí òsì, á tún tẹ èkejì kó dagun sí ọ̀tún, kí ìdí méjèèjì pàdé. Ó ti di ọkàn nìyẹn. "Tẹ̀ ẹ́, gbé e" ni kí o máa pè fún wọn. Bí ọmọ bá fa ọwọ́, á di àbàwọ́n. Bí ọ̀dà bá pọ̀ jù, ìlà ìka ò ní hàn, ìlà ọ̀hún gan-an ni ẹwà rẹ̀.

Ilá tó ti gbó náà dára fún títẹ ọ̀dà sórí káàdì. Gé e ní ìbú, ojú rẹ̀ á dà bí òdòdó. Àmọ́ dojú rẹ̀ dé aṣọ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó kan ọ̀dà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yíyọ̀ rẹ̀ á mú ọ̀dà ṣàn.

Omi ìṣápá pupa, sóbò yẹn, má gbára lé e fún pupa. Ẹfun wà nínú púpọ̀ nínú pépà funfun òde òní, á sọ ọ́ di àwọ̀ àlùkò kó tó gbẹ. Á sì tún ta sí yúnífọ́ọ̀mù wọn!

Àwọn ọmọ ọdún márùn-ún lè fi sísọ́ọ̀sì tí ẹnu rẹ̀ kò ṣe ṣóńṣó gé ọkàn. Ká pépà sí méjì, ya ìlàjì ọkàn mọ́ ibi tí o ká. Fi pẹ́ńsùlù fa ibẹ̀ kó dúdú, sọ pé ibẹ̀ ni ọwọ́ kejì máa dì mú. Bí ọmọ bá gé apá tó ká náà, ọkàn á já sí méjì. Ọmọ tó ń lo òsì, sísọ́ọ̀sì ọlọ́tùn-ún á máa ká pépà mọ́ ọn lọ́wọ́ dípò kó gé e. Wá ti olósì fún un, má fi ipá yí ọwọ́ rẹ̀ padà. Ọ̀tún ló ṣáà máa fi fún ìyá rẹ̀ lẹ́bùn.

Ìlẹ̀kẹ̀, ẹ̀wà àti àwọn nǹkan wínníwínní, má kó wọn sítòsí àwọn tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Ohun tó bá lè gba inú páálí róbótó tí wọ́n ń ká tíṣù mọ́ kọjá ti kéré jù fún wọn. Ìyẹ̀fun dídán yẹn, máa fi í sílẹ̀ ní ọjà, ojú ló ń wọ̀.

Kọ orúkọ sẹ́yìn káàdì kí ọ̀dà tó kàn án. Má sì sọ pé ti màmá tàbí dádì ni, bi ọmọ léèrè pé, "Ta lo fẹ́ fún?" Ẹlòmíràn, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ló ń gbé. Ohun tó bá sọ ni kí o kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ "Ìyá Àgbà máa ń fún mi ní ẹran."

Ọmọ márùn-ún ni kó wà nídìí tábìlì lẹ́ẹ̀kan, kí àwọn yòókù máa kọrin. Ẹ̀wù àtijọ́ bàbá, tí a wọ̀ kí ẹ̀yìn rẹ̀ wá sí iwájú, ni èpírọ́ọ̀nù tó dára jù. Ọyẹ́ á mú káàdì gbẹ kíákíá, etí rẹ̀ á sì ká: kó wọn sábẹ́ ìwé ńlá mọ́jú.

Bàbá rẹ ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n á gbé sítáàṣì àti àjákù páálí wá.

Èmi ni,
Màmá rẹ.