Ẹ má fo ọ̀rọ̀ Asad kọjá

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ nípa bí Bangladesh ṣe gbòmìnira ní 1971, ó dáa, àmọ́ ẹ fo 1969 kọjá, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti gbóná. Asaduzzaman tí wọ́n ń pè ní Asad, stúdẹ́ńtì Yunifásítì Dhaka ni, ọlọ́pàá yìnbọn pa á níbi ìwọ́de ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún yẹn, torí àwọn stúdẹ́ńtì ti kó ohun 11 tí wọ́n ń béèrè síwájú ìjọba Ayub Khan, ààrẹ Pakistan nígbà yẹn, tó fi mọ́ pé kí Ìlà Oòrùn Pakistan, ibi tó di Bangladesh lónìí, máa darí ara ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n tún pa Matiur, ọmọ sẹ́kọ́ńdírì lásán o, ta ló ń yìnbọn fọ́mọ iléèwé? Wọ́n rò pé ẹnu á pa mọ́, irọ́ ni, ńṣe ni gbogbo ìlú dàrú, nígbà tó máa fi di oṣù kẹta Ayub ti gbéjọba sílẹ̀. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti géètì tí wọ́n fi sọrí Ayub ní Dhaka, Asad Gate làwọn aráàlú sọ ọ́ dà, orúkọ yẹn náà ló ṣì ń jẹ́. Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ kọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárúkọ àwọn ọmọ yẹn.

Èmi òǹkàwé yín, Ìbàdàn.