Ẹ̀rí wà pé eré ń fa aago sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí ẹ ṣe gbé e jáde

Sí Olóòtú,

Ọ̀rọ̀ méjì tó tako ara wọn ni ẹ gbé jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kò sì sí èyí tó tọ̀nà nínú méjèèjì. Ojú ewé ìlera yín ló kọ́kọ́ kọ ọ́ pé àwọn awakọ̀ òfurufú kì í tètè darúgbó, nítorí pé eré tí wọ́n ń sá lókè ń mú kí àkókò falẹ̀ fún wọn. Lẹ́yìn náà ni òǹkàwé yín kan láti Ìjẹ̀bú-Òde fi ìbínú dáhùn pé irọ́ gbáà ni, pé orí ìwé lásán ni Einstein ti ṣírò rẹ̀ ní 1905, kò sí ẹni tó fojú rí i rí. Ó ní bí aago kan bá falẹ̀, a jẹ́ pé aago náà ló bàjẹ́, àkókò kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ó wá fi ẹ̀fẹ̀ parí rẹ̀: èló ni òun máa jèrè bí òun bá tẹ mọ́tò òun mọ́lẹ̀ láti Ìbàdàn dé Èkó?

Sọ̀féyọ̀ ni mí, ilẹ̀ ni mo ń wọ̀n jẹun. Ẹ̀rọ tí mo fi ń ṣiṣẹ́ kò lè sọ òótọ́ fún mi bí ọ̀rọ̀ eré àti aago yìí bá jẹ́ irọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé kálàmù.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ òǹkàwé yín ti lágbára jù, pé aago ló bàjẹ́. Tó bá jẹ́ aago tí ènìyàn fọwọ́ ṣe nìkan ni ẹ̀rí tó wà nílẹ̀, èmi náà ì bá máa ṣiyèméjì. Àmọ́ nǹkan kan wà tí wọ́n ń pè ní muon, ó kéré ju átọ́ọ̀mù lọ fíìfíì. Ìtànṣán tó ń ti ojú sánmà wá ló máa ń kọlu afẹ́fẹ́ ní nǹkan bíi kìlómítà 15 sókè, muon á jáde látinú ìkọlù náà, á sì máa bọ̀ wá sílẹ̀ pẹ̀lú eré tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ìmọ́lẹ̀. Ẹ̀mí rẹ̀ kò gùn rárá. Bó bá dúró sójú kan, ká pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, 2.2 péré nínú rẹ̀ ni ìpíndọ́gba ọjọ́ ayé rẹ̀ kó tó túká. Ìmọ́lẹ̀ pàápàá kò lè rìn ju 660 mítà lọ láàárín ìwọ̀nba àkókò yẹn. Síbẹ̀, muon ń kan orí èmi àtẹ̀yin bí a ṣe jókòó yìí. Kí ló gbé wọn dé ilẹ̀?

Bruno Rossi àti David Hall ti wọ̀n ọ́n ní Colorado ní 1941, wọ́n rí i pé àwọn muon tó ń sáré jù ni ẹ̀mí wọn ń gùn jù. Èyí tó wù mí jù ni ti David Frisch àti James Smith, tí wọ́n tẹ èsì tiwọn jáde ní 1963. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń ka muon gun orí òkè Washington ní New Hampshire, ní Amẹ́ríkà, bíi 1,900 mítà sókè. Muon tó ń sáré níwọ̀n kan pàtó ni wọ́n ṣà jọ, wọ́n sì ka bíi 563 ní wákàtí kan. Wọ́n wá gbé ẹ̀rọ náà sọ̀kalẹ̀ lọ sí Cambridge, ní Massachusetts, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òkun dọ́gba. Bó bá jẹ́ pé àkókò tiwa àti ti muon ò yàtọ̀, èyí tó máa yè dé ìsàlẹ̀ kò yẹ kó ju bíi 30 lọ ní wákàtí kan. 408 ni wọ́n kà. Ní CERN, ibùdó ìwádìí físíìsì tó wà lẹ́bàá ìlú Geneva, wọ́n da muon sínú òrùka ńlá kan, wọ́n ń sá yíká nínú rẹ̀ pẹ̀lú eré tó ju ìdá 99.9 nínú ọgọ́rùn-ún eré ìmọ́lẹ̀ lọ. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 1977 fi hàn pé ẹ̀mí wọn gùn ní ìlọ́po 29, bí ìṣirò Einstein ṣe wí gan-an.

Ọjọ́ ayé muon ni aago tirẹ̀. Kò ní bátìrì, kò ní sípíríǹgì, kò sí ẹni tó ń wáìnì rẹ̀. Kí òǹkàwé yín sọ ohun tó bàjẹ́ lára rẹ̀ fún mi.

Ó kàn aago gidi. Ní oṣù October 1971, Joseph Hafele, onímọ̀ físíìsì, àti Richard Keating láti ibùdó ìwòràwọ̀ ọmọ-ogun ojú omi Amẹ́ríkà, gbé aago átọ́ọ̀mù mẹ́rin, irú aago tó ń fi ìgbọ̀n átọ́ọ̀mù ka àkókò, wọ ọkọ̀ òfurufú tí gbogbo ayé ń wọ̀. Wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn aago náà, orúkọ tí wọ́n kọ sí i ni Ọ̀gbẹ́ni Aago, wọ́n sì jókòó sórí àga bí èrò. Wọ́n kọ́kọ́ yí ayé po lọ sí ìhà ìlà oòrùn, wọ́n tún yí i po lọ sí ìhà ìwọ̀ oòrùn. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé aago tí wọ́n fi sílẹ̀ ní Washington, olú ìlú Amẹ́ríkà, àwọn tó gba ìlà oòrùn lọ fi nánò-sẹ́kọ́ǹdù 59 pẹ̀yìn, ṣùgbọ́n àwọn tó gba ìwọ̀ oòrùn lọ fi 273 ṣíwájú. Nánò-sẹ́kọ́ǹdù kan ni èyí tí a ó rí bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí bílíọ̀nù kan. Ìṣirò ti sọ tẹ́lẹ̀ pé 40 ni wọn yóò fi pẹ̀yìn, 275 ni wọn yóò sì fi ṣíwájú, ó sì fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún àṣìṣe.

Kí ló dé tí ìhà tí wọ́n kọjú sí fi ní nǹkan án ṣe? Ilẹ̀ tí a dúró lé kò dúró. Ayé ń yí lọ sí ìlà oòrùn, aago Washington sì ń bá a lọ. Bàálù tó bá kọjú sí ìlà oòrùn á fi eré tirẹ̀ kún ti ayé, aago inú rẹ̀ á falẹ̀ ju ti ilẹ̀ lọ. Èyí tó bá kọjú sí ìwọ̀ oòrùn ń yọ kúrò nínú eré ayé ni, nítorí náà aago ilẹ̀ ló ń rìn yára jù ú lọ, òun ló sì ń falẹ̀. Nǹkan kejì tún wà, òòfà ilẹ̀, agbára tó ń fa nǹkan wálẹ̀, tó sì ń dín kù bí a bá ṣe ń gòkè. Bí aago bá ṣe ga sí lórí ilẹ̀ ló ṣe ń yára sí, èyí sì yàtọ̀ sí ti eré. Ìyẹn ló jẹ́ kí èrè àwọn tó gba ìwọ̀ oòrùn lọ pọ̀ ju àdánù àwọn tó gba ìlà oòrùn lọ.

Èmi ò ní fi ìdánwò 1971 yẹn nìkan búra. Aago ìgbà náà máa ń yẹ̀ lọ́wọ́ ara wọn, ó sì gba ìfarabalẹ̀ kí wọ́n tó lè yọ èsì jáde. Carroll Alley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Maryland ṣe é dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ ní 1975: bàálù ọmọ-ogun ojú omi gbé aago fò yíká lókè Chesapeake Bay fún wákàtí 15. Eré fà á sẹ́yìn pẹ̀lú nánò-sẹ́kọ́ǹdù bíi 6, gíga fi bíi 53 tì í síwájú, ó wá ku 47 tí aago inú bàálù fi ṣíwájú ti ilẹ̀. Kí ẹ jọ̀ọ́ fi èyí han ẹni tó kọ ojú ewé ìlera yín. Àwọn tó wà nínú bàálù yẹn darúgbó ju àwọn tó dúró nílẹ̀ lọ, bí a bá lè pe nǹkan tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ní ogbó. Awakọ̀ òfurufú kò lè fi eré bàálù ra ìgbà èwe.

Òǹkàwé yín tún gbẹ́kẹ̀ lé Herbert Dingle, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Ìlú Ọba tó ti ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀, Royal Astronomical Society, rí. Ẹjọ́ Dingle ni pé bí aago méjì bá ń kọjá ara wọn, tí èkíní ní èkejì ló ń falẹ̀, tí èkejì náà ní èkíní ni, ọ̀kan gbọ́dọ̀ máa purọ́. Ìbéèrè tó dára ni. Ṣùgbọ́n bí àwọn méjèèjì bá ń lọ ní tààrà láì yà, wọn kò ní pàdé mọ́ tí a ó fi gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn wò. Kí wọ́n tó tún pàdé, ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣẹ́rí padà, ẹni tó ṣẹ́rí padà kò sì rìn bí ẹni tí kò yà rárá. Aago tó kúrò nílé tó sì padà wálé la ní lọ́wọ́, nọ́ńbà ojú wọn kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Ó wá ku iṣẹ́ tèmi. Tí mo bá gbé ẹ̀rọ GPS kalẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí ọmọ onílẹ̀ dúró tì mí lápá ọ̀tún, tí ẹni tó rà á dúró lápá òsì, ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe ni pé ó ń gbọ́ aago sátẹ́láìtì tó wà ní nǹkan bíi kìlómítà 20,200 sókè, ó sì ń ṣírò bí àmì wọn ti pẹ́ tó lójú ọ̀nà. Ìmọ́lẹ̀ ń rin bíi ẹsẹ̀ bàtà kan ní nánò-sẹ́kọ́ǹdù kan. Nítorí náà, àṣìṣe nánò-sẹ́kọ́ǹdù kan nínú aago jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan nílẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé àwọn kan ti gbé ara wọn lọ sílé ẹjọ́ lórí ẹsẹ̀ bàtà kan.

Sátẹ́láìtì yẹn ń sá tó kìlómítà 14,000 ní wákàtí kan. Eré náà ń fa aago rẹ̀ sẹ́yìn lójúmọ́ pẹ̀lú 7 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá, gíga sì ń tì í síwájú pẹ̀lú 45. Ó ku 38. Nígbà tí Amẹ́ríkà fẹ́ fi sátẹ́láìtì ìdánwò NTS-2 ránṣẹ́ ní June 1977, àwọn kan nínú àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kò gbà pé ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn. Wọ́n gbé ẹ̀rọ àtúnṣe sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò tàn án. Fún bíi 20 ọjọ́ ni wọ́n fi aago náà sílẹ̀ kó máa ṣe bó ṣe wù ú. Ó yára pẹ̀lú 442.5 nínú trílíọ̀nù, ìyẹn bíi 38 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá lójúmọ́. Ìṣirò ti sọ 446.5. Wọ́n tan ẹ̀rọ náà. Bó bá jẹ́ pé eré kò fa aago sẹ́yìn rárá, nǹkan bíi 45 lójúmọ́ ni wọn ì bá rí, kì í ṣe 38. Láti ìgbà náà, kí aago GPS tó kúrò nílẹ̀ ni wọ́n ti ń dín ìyára rẹ̀ kù díẹ̀.

Ẹ ó máa gbọ́ pé bí kò bá sí àtúnṣe yìí, GPS á máa fi kìlómítà 11 ṣìnà lójúmọ́. Gbólóhùn yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ìmọ́lẹ̀ ń rin kìlómítà 11 láàárín 38 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá yẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n àṣìṣe kan náà ló máa wà lára gbogbo sátẹ́láìtì, ẹ̀rọ ọwọ́ wa sì mọ bó ṣe ń yọ èyí tó bá kárí gbogbo wọn kúrò. Èyí tí kò kárí ló le. Ọ̀nà tí sátẹ́láìtì ń gbà yí ayé po kò rí róbótó délẹ̀: bó bá súnmọ́ wa, á sáré sí i, aago rẹ̀ á falẹ̀; bó bá jìnnà, á dẹwọ́, aago rẹ̀ á yára. Ìyàtọ̀ yìí lè tó nánò-sẹ́kọ́ǹdù 23, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 23 nínú jíjìnnà tí ẹ̀rọ ń wọ̀n sí sátẹ́láìtì náà. Pọ́lọ́ọ̀tì tí a ń tà ní Ìbàdàn sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 ní ìbú, 100 ní gígùn. Ẹ ṣírò rẹ̀. Inú ẹ̀rọ ọwọ́ wa ni wọ́n kọ ìlànà Einstein tó ń tún un ṣe sí, yálà ẹni tó gbé e dání gbà á gbọ́ tàbí kò gbà á gbọ́.

Tí eré bá tún wá kéré ńkọ́? Ní 2010, ní Boulder, Colorado, àwọn onímọ̀ ní NIST, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n, rí ìyàtọ̀ náà nínú aago átọ́ọ̀mù aluminiomu wọn, lórí eré tí kò tó kìlómítà 36 ní wákàtí kan. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ń sá ju ìyẹn lọ.

Scott Kelly, ará Amẹ́ríkà tó lo ọjọ́ 340 lójú sánmà láti 2015 sí 2016, jẹ́ ìbejì. Mark tí wọ́n jọ wáyé fi ìṣẹ́jú mẹ́fà ṣáájú rẹ̀ jáde, nítorí náà Scott ni Kẹ́hìndé, lọ́dọ̀ tiwa òun sì ni ẹ̀gbọ́n. Bí a bá yọ ti gíga kúrò nínú ti eré, ìrìn àjò yẹn fi ìdá 8 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá dín ọjọ́ orí rẹ̀ kù sí ti Táyé. Kò tó nǹkan tí wọ́n máa fi pàṣípààrọ̀ ipò.

Ní ti èrè tí òǹkàwé yín ń bèèrè: bó bá rin nǹkan bíi kìlómítà 127 tó wà láàárín Ìbàdàn àti Èkó pẹ̀lú eré kìlómítà 100 ní wákàtí kan, tí Mọ̀wé àti Ìbafò sì jẹ́ kó kọjá, eré rẹ̀ á jèrè bíi ìdá 20 nínú trílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá fún un. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ogbó ló ń sá fún, kó kúkú kó lọ sí Èkó pátápátá. Ìbàdàn ga tó 200 mítà ju etí òkun lọ, aago àwa tí a ń gbé ibẹ̀ sì ń fi nǹkan bíi 0.7 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá ṣíwájú ti Èkó lọ́dọọdún.

Èmi ni tiyín,
Sọ̀féyọ̀ kan ní Mọ́níyà, Ìbàdàn