Àbẹ̀kẹ́ mi, ka ìwé yẹn tán

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo) lọ́hùn-ún? Àwa náà wà dáadáa ní Kétu níbí, òjò ti ń rọ̀, àgbàdo ẹ̀yìnkùlé ti ń yọmọ, àbúrò ẹ ń bi mí lójoojúmọ́ pé ìgbà wo lo máa dé. Mo gbọ́ vóísì tó o fi ránṣẹ́ lálẹ́ àná, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ torí ohùn ẹ ò dá mi lójú, ó dà bí ohùn ẹni tó ti sunkún. O ní tàǹtí ẹ gba romáànù tó ò ń kà, The Hunger Games, lọ́wọ́ ẹ, pé ọmọ ọdún 15 ò gbọ́dọ̀ máa ka ìwé táwọn ọmọdé ti ń pa ara wọn, pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló ń fa àlá burúkú. O wá bi mí pé ṣé kó o pa á tì ni, tó o bá sì pa á tì, kí lo máa wá kà ní vàkáǹsì. Mi ò lè fi vóísì dáhùn ìyẹn, ọ̀rọ̀ ẹ̀ gùn, mo bá fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ lórí maṣín, mo ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Kí n kọ́kọ́ sọ ti tàǹtí ẹ. Má torí ìwé bá wọn fa ọ̀rọ̀. Ilé wọn lò ń gbé, oúnjẹ wọn lò ń jẹ, ìfẹ́ ló sì jẹ́ kí wọ́n gbà á, kì í ṣe ìkà. Tí wọ́n bá ti ọjà Ouando dé lọ́la, bá wọn sọ ẹrù, kúnlẹ̀, kó o wá sọ ìtàn yẹn fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Má sọ pé gbogbo kíláàsì yín ló ń kà á, ìyẹn ò ní wọ̀ wọ́n létí. Sọ fún wọn pé ọmọbìnrin kan wà, bàbá ẹ̀ kú sábẹ́ ilẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń wa èédú, ìyá ẹ̀ kàn jókòó bí ẹni tí ẹ̀mí ẹ̀ ti lọ, òun ló ń dẹ̀gbẹ́ bọ́ àbúrò ẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n wá pe orúkọ àbúrò yẹn pé kó wá lọ kú, ó ní òun lòun ń lọ. Tàǹtí ẹ ló tọ́ àwọn àbúrò wọn mẹ́rin lẹ́yìn tí bàbá wọn kú. Wọn ò ní jẹ́ kó o sọ ọ́ tán kí wọ́n tó bi ẹ́ pé kí ló wá ṣẹlẹ̀.

The Hunger Games yẹn, tí Suzanne Collins kọ ní 2008, èmi náà ti kà á, ẹ̀dà Faransé tí ọmọ iṣẹ́ mi kan yá mi. Ibi tó dùn mí jù kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń pa ara wọn, ọ̀rọ̀ ọkà ni. Àgbègbè 12 ló wà, lọ́dọọdún ìjọba á mú ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan ní àgbègbè kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n lọ pa ara wọn, láti ọmọ ọdún 12 dé 18, kèké ni wọ́n fi ń mú wọn. Ṣùgbọ́n tébi bá ń pa ilé yín, wọ́n á ní kó o wá fi orúkọ ẹ kún un sí i, wọ́n á wá fún ẹ ní ọkà àti òróró díẹ̀ tí ẹnì kan á fi ti ọdún kan. Katniss, ọmọbìnrin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, jẹ́ ọmọ ọdún 16, orúkọ ẹ̀ ti wọ inú ìgò yẹn nígbà 20. Gale ọ̀rẹ́ ẹ̀, nígbà 42. Mo gbé ìwé yẹn kalẹ̀ níbẹ̀, mi ò lè kà á mọ́ lọ́jọ́ yẹn, torí mo ń rò ó pé ohun tí wọ́n ń pè ní kèké yìí, ebi ló ń ṣẹ́ ẹ. Tó o bá ń ka irú romáànù báyìí, ibi tí mo fẹ́ kó o máa tẹjú mọ́ nìyẹn: ta ló di oúnjẹ mú, ta ló ń pe orúkọ, ta ló jókòó tó ń wòran. Ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀ ò ní bà ẹ́ lẹ́rù mọ́ bó o bá ti ń wo àwọn yẹn.

Wọ́n ní irú ìwé yìí ń pe ibi wá. Mi ò gbà. O rántí Ẹ̀fẹ̀, olórin tó ń kọrin lóru kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jó? Ọmọ ọdún mẹ́rin ni ẹ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ pọ̀n ẹ́ lọ sọ́jà lóru, o ti sùn kó tó jáde, ohùn ẹ̀ ló jí ẹ. Ẹ̀fẹ̀ á júbà àwọn ìyá wa, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú àṣírí, olóyè tó jẹ owó ìlú, ọkùnrin tó lé ìyàwó jáde láìṣẹ̀, oníjà, òfófó, gbogbo ẹ̀ lá á fi orin sọ lójú gbogbo ayé, kò sì sẹ́ni tó lè mú un. Ṣé o ti gbọ́ ọ rí pé wọ́n ní Ẹ̀fẹ̀ ló kó olè wọ̀lú? Ó ń sọ ọ́ kójú lè tì wọ́n ni, kílùú lè tún un ṣe kílẹ̀ tó mọ́. Àwọn tó ń kọ romáànù nípa ayé tó ti bàjẹ́ yìí, iṣẹ́ Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n á mú ohun kékeré tó ti wà láàárín wa, tá a ti mójú kúrò lára ẹ̀, wọ́n á fẹ̀ ẹ́ títí tá á fi tóbi ju ilé lọ, kẹ́nikẹ́ni má lè sọ pé òun ò rí i. (Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa yìí náà ni UNESCO kéde ní 2001 pé ohun iyebíye gbogbo ayé ni, sọ ìyẹn fún àwọn ọmọ kíláàsì ẹ tó ń pè é ní nǹkan ará oko.)

Wọ́n tún ní irú ẹ̀ ò lè ṣẹlẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ níbi tí mo jókòó sí yìí. Ní 1886, ọmọ ogun Dànhọ̀mẹ̀ wó Kétu, ebi ti mú ará ìlú kí wọ́n tó wọlé, wọ́n sun ún, wọ́n kó àwọn tó kù lẹ́rú lọ Àgbómẹ̀, olú ìlú wọn, ìlú dahoro. Ẹ̀yìn ìgbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Béhanzin, ọba Dànhọ̀mẹ̀, ni wọ́n tó lè padà wá tún un tẹ̀dó. Àkàbà Ìdènà tá a ń mú àlejò lọ wò, odi àti ẹnubodè tí wọ́n gbójú lé nìyẹn. Bàbá mi máa ń sọ ọ́ fún wa tá a bá ti ń kọjá níbẹ̀, wọn kì í sọ ọ́ kẹ́rù lè bà wá, wọ́n ń sọ ọ́ ká lè mọ̀ pé ìlú lè parẹ́, kó sì tún padà wà.

Ó dáa, ìwé. Èyí tí mo fẹ́ kó o kà tẹ̀ lé e ni ti Lois Lowry, The Giver, 1993, Le Passeur ni wọ́n pè é lédè Faransé. Ìwé yẹn mú mi gan-an, àti pé mo rò pé ẹni tó ń ránṣọ ló yẹ kó kà á jù. Ọmọ kan tó ń jẹ́ Jonas, ní ìlú tí kò sí ìjà, kò sébi, kò sí olè, àwọn àgbà ló ń yan iṣẹ́ fún ọmọ tó bá di ọdún 12, gbogbo nǹkan ń lọ geerege. O máa kà á lọ, o máa rò pé ibi tó dáa ni. Ọjọ́ kan ló wá ń fi ápù ṣeré, ó ṣàdéédéé rí i pé ápù yẹn yí padà, kò mọ ohun tó rí. Àbẹ̀kẹ́, àwọ̀ pupa ló rí! Kò sí àwọ̀ ní ìlú wọn. Wọ́n ti mú un kúrò kí gbogbo èèyàn lè rí bákan náà, kẹ́nikẹ́ni má baà ní ohun tó máa yàn, kó má baà yàn án sódì. Mo gbójú sókè, mo wo aṣọ tó wà lórí okùn ní ṣọ́ọ̀bù, àdìrẹ, áńkárá, sányán ìyá àgbà tí wọ́n ní kí n tún etí ẹ̀ ṣe, mo rò ó pé kí wọ́n ní eérú ni gbogbo ẹ̀, kí n má sì mọ̀ pé wọ́n ti jà mí lólè. Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń lò bí ẹni pé nǹkan jẹ́jẹ́ ni. Mi ò ní sọ ọ́ fún ẹ. Tó o bá débẹ̀, pè mí, kódà tó bá jẹ́ òru.

La Ferme des animaux ti George Orwell, 1945, kékeré ni, ọjọ́ méjì lo máa fi kà á. Àwọn ẹran ọ̀sìn tó gba oko lọ́wọ́ olóko kọ òfin méje sára ògiri, lóru àwọn ẹlẹ́dẹ̀ tó ń ṣe olórí wọn á lọ tún un kọ, àwọn àgùntàn á kàn máa ké ọ̀rọ̀ kan náà ṣáá títí ẹni tó fẹ́ bi ìbéèrè á fi panu mọ́. Nígbà tí mo wà ní pírímà, láyé ààrẹ Kérékou, a máa ń pariwo "Ehuzu! Dandan!", pé nǹkan ti yí padà, títí ọ̀nà ọ̀fun wa á fi fẹ́ẹ̀ ya, inú wa dùn, kò sẹ́ni tó bi wá pé ṣé ó yé wa. Ìgbà tí mo ka ti àgùntàn yẹn ni mo rántí.

Ti Ray Bradbury, Fahrenheit 451, ti 1953, fi ìyẹn sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀, Faransé ẹ̀ le díẹ̀. Níbẹ̀, iṣẹ́ àwọn panápaná ni kí wọ́n máa sun ìwé, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìjọba ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n má kàwé, àwọn èèyàn fúnra wọn ni wọ́n ti dẹ́kun ẹ̀, nǹkan ti wọ̀ wọ́n létí tó ń sọ̀rọ̀ tọ̀sán-tòru, bí èyí tí ìwọ náà ń kì bọ etí sùn yẹn. Àwọn tó kù tó fẹ́ràn ìwé wá ń há a sórí, kálukú ìwé tiẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín ayọ̀ nígbà tí mo débẹ̀, torí àwa ò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣe ìyẹn, ṣebí orí ni babaláwo ń kó Odù 256 sí.

Àmọ́ gbọ́ o, má ka irú ìwé yìí méjì tẹ̀ léra wọn. Mo ti ṣe é rí, lọ́dún tí bàbá ẹ ń ṣàìsàn, mẹ́ta ni mo kà léra, ọkàn mi wá le, mi ò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́, kódà oníbàárà tó ti ń rán nǹkan lọ́dọ̀ mi fún ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀fẹ̀ kì í dá wá. Tílẹ̀ bá mọ́, lọ́sàn-án, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ á jó, ìlú á jó tẹ̀ lé e. Bó o bá ti ka ìwé òru kan tán, ka ìwé ọ̀sán kan lé e, èyí tí àwọn èèyàn ti ń rìn, tí wọ́n ń wá nǹkan, tí wọ́n ń fọwọ́ ara wọn ṣe nǹkan.

Nínú ìyẹn, Jules Verne ni mo fẹ́ràn jù, L'Île mystérieuse, 1874. Àwọn ọkùnrin márùn-ún àti ajá kan sá fún ogun l'Ámẹ́ríkà nínú bàlúùnù, ìjì gbé wọn jù sí erékùṣù, wọn ò ní ju aṣọ ọrùn wọn lọ. Ọ̀kan nínú wọn, Harbert, ọmọ ọdún 15 ni, bíi tìẹ. Gíláàsì aago méjì ni ọ̀gá wọn lẹ̀ pọ̀, ó bu omi sáàárín, ó fi mú iná oòrùn. Ibi tí mo kà lọ́pọ̀ ìgbà ni ibi tí Harbert ti rí hóró àlìkámà kan ṣoṣo nínú aṣọ ẹ̀, láàárín aṣọ àti ìtẹ́nú. Gbogbo wọn fẹ́ fi rẹ́rìn-ín, ọ̀gá yẹn ní rárá, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀: ìkórè àkọ́kọ́, hóró 800, ìkejì, 640,000. Wọ́n gbìn ín, wọ́n ṣọ́ ọ bí ọmọ tuntun. Ìwé yẹn nípọn, ó máa ń pẹ́ níbi tó bá ti ń ṣàlàyé irin àti òkúta, o lè sáré ibẹ̀, mi ò ní bínú.

L'Île au trésor ti Stevenson náà dáa, 1883, ka ibi tí ọmọ yẹn ti sá sínú àgbá ápù, tó ń gbọ́ ohun táwọn ọ̀dàlẹ̀ ń sọ. Ti Tomi Adeyemi, Children of Blood and Bone, 2018, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí s'Ámẹ́ríkà ló kọ ọ́, mo ń wá a fún ẹ. Òrìṣà wà níbẹ̀, Yorùbá wà nínú ọfọ̀ wọn, Ìlọrin sì wà létí òkun, má jẹ́ kíyẹn dí ẹ lọ́wọ́, ayé tiẹ̀ ló dá. Ọba kan ló ń fojú àwọn ọmọ onírun funfun rí màbo, ọmọbìnrin kan dìde, nítorí náà òru àti ọ̀sán ló wà nínú ìwé kan ṣoṣo. Tó o bá máa kà á, jẹ́ kí tàǹtí ẹ mọ̀ ṣáájú.

Èyí tó kẹ́yìn, ti Fágúnwà ni, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀. 1938 ló jáde. Bàbá mi rà á ní Mẹ̀kọ, wọ́n á gbé àtùpà sílẹ̀, wọ́n á kà á fún wa lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ní ọdún tí wọ́n ń fi nǹkan kọ́ wa lọ́rùn nílé ìwé tá a bá sọ Yorùbá. Mo mọ̀ pé Yorùbá tí a kọ sílẹ̀ máa ń fa ẹ sẹ́yìn, ojú ẹ ò tíì mọ́ àmì ohùn. Kà á sókè, létí tàǹtí ẹ, ojú ewé méjì lálẹ́. Etí ẹ á bá ẹ kà á.

Mo ti di mẹ́ta, Jonas, erékùṣù, àti Fágúnwà, awakọ̀ tó máa ń gbé aṣọ wa wá á gbé e dé ibùdókọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, lọ gbà á kílẹ̀ tó ṣú. Ti Fágúnwà yẹn, ẹ̀yìn ẹ̀ ti ń tú, ewé mélòó kan ti já. Má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ o, gọ́ọ̀mù á jẹ ìwé àtijọ́. Mo fi abẹ́rẹ́ àti òwú dúdú sínú ẹ̀, rán an bí mo ṣe kọ́ ẹ, kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Èmi màmá ẹ