Ẹni tó kú ní sinimá, tó yè lórí tẹlifíṣàn

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Mo rí ohun tí o kọ sórí WhatsApp ẹbí lálẹ́ àná. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo gbé fóònù kalẹ̀, oorun ò sì kùn mí títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ kọ ọ̀rọ̀ tí a máa tẹ̀ sínú ìwé ìrántí màmá yín, ó ní obìnrin tí kì í fi bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín ni, tó máa ń jágbe mọ́ òun ní ìdájí, ṣùgbọ́n tí kò jẹ́ kí ebi pa òun rí. Ìwọ fèsì pé irọ́ ló ń pa. Lójú àwọn àbúrò màmá yín, lójú àwọn ọmọdé ilé, o pe ẹ̀gbọ́n rẹ ní òpùrọ́.

N kò kọ lẹ́tà yìí láti bá ọ jà. O wà ní Kébbí níbi tí o ti ń ṣe àgùnbánirọ̀, ìwọ nìkan, ọdún kan péré sì ni màmá rẹ kú. Mo mọ bó ṣe ń dùn ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò sọ fún ẹ̀yin méjèèjì rí, nípa èmi àti bọ̀ọ̀dá mi, Dádì Abẹ́òkúta tẹ́ ẹ mọ̀ yẹn.

O mọ̀ pé Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí wa sí, tí a padà wálé ní 1981. Bàbá mi ń kàwé lọ́sàn-án, ó ń ṣa lẹ́tà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ lóru. Màmá mi ń ránṣọ. Láyé ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa tó wà níbẹ̀ ni kò ráyè tọ́mọ. Wọ́n á wá ìdílé òyìnbó kan ní ìgbèríko, wọ́n á gbé ọmọ fún wọn, wọ́n á sì máa sanwó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí bọ̀ọ̀dá mi ṣe dé Kent, ní ìgbèríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nìyẹn, ọmọ ọdún méjì. Nígbà tí wọ́n fi bí èmi, ara ti tù wọ́n díẹ̀, èmi wà nílé lọ́dọ̀ wọn.

Ní 1979, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, bàbá mi mú mi lọ sí ilé sinimá. Ìgbà kan ṣoṣo tí èmi àti ẹ̀ jọ lọ nìyẹn láyé. Sinimá Star Wars ti kó sí gbogbo àwa ọmọdé lórí, ohunkóhun tó bá ti ní ọkọ̀ òfuurufú àti ìràwọ̀ nínú la fẹ́ rí. Battlestar Galactica lorúkọ èyí tí a lọ wò. N kò mọ̀ pé eré tẹlifíṣàn ni. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn ABC ti gbé e sáfẹ́fẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án 1978, apá àkọ́kọ́ eré ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni. Owó gọbọi ni Universal, ilé iṣẹ́ tó ṣe eré náà, ná sí i, ni wọ́n bá gé e kúrú, wọ́n kó o lọ sí ilé sinimá lókè òkun kí owó náà lè padà wọlé. Àwọn ará Kánádà tiẹ̀ ti rí i ní sinimá kí àwọn ará Amẹ́ríkà tó rí i ní pálọ̀ wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe Buck Rogers ní ọdún 1979 yẹn, sinimá lákọ̀ọ́kọ́, tẹlifíṣàn lẹ́yìn.

Mo ṣì rí i lójú mi. Èéfín sìgá ń fò nínú iná tó ń jáde láti ẹ̀yìn wa. Bàbá mi kò tíì bọ́ kóòtù iṣẹ́ rẹ̀, àpò lẹ́tà ló ń rùn. Àwọn Cylon jáde, róbọ́ọ̀tì tó ń dán bí abọ́ tánganran, iná pupa kan ṣoṣo ni ojú wọn, ó ń lọ sọ́tùn-ún, ó ń lọ sósì, ohùn wọn sì dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú agolo. Wọ́n sun ìlú àwọn ènìyàn, pílánẹ́ẹ̀tì méjìlá. Bàbá mi ti sùn lọ ní tirẹ̀, iṣẹ́ òru ló ti bọ̀. Ìgbà tí àwọn tó ṣẹ́kù kó sínú ọkọ̀kọ́kọ̀ tí wọ́n rí, tí wọ́n ní Ayé làwọn ń wá lọ, ló lajú. Ó wò ó díẹ̀, ó ní, “Àwọn náà ń wá ọ̀nà ilé.” Ó tún sùn padà.

Ọ̀dàlẹ̀ kan wà nínú eré náà, Baltar. Òun ló ta àwọn ènìyàn rẹ̀ fún àwọn Cylon. Ó dé iwájú olórí wọn láti gba èrè rẹ̀, olórí ní àwọn ò nílò rẹ̀ mọ́. Wọ́n dì í mú, wọ́n gbé idà lé e lọ́rùn. A ò rí ọrùn tó já, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ kan nínú ilé sinimá yẹn tí kò mọ̀ pé Baltar ti lọ. A pàtẹ́wọ́.

Ìgbà Kérésìmesì 1980 ni bọ̀ọ̀dá mi wá bá wa lò nílé. Tẹlifíṣàn wa ti bàjẹ́, bàbá mi kò rówó tún un ṣe. Àmọ́ ní Kent, bọ̀ọ̀dá mi ti ń wo Galactica lórí ITV, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn kan níbẹ̀. Mo ní, “Ó dùn mọ́ mi bí wọ́n ṣe pa Baltar.” Ó ní ta ló pa á? Pé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló rí i tó jókòó sórí àga gíga kan, tó ń pàṣẹ fún àwọn Cylon. Mo ní o ò rí nǹkan kan. Ó ní òpùrọ́ ni mí. Ló bá di ìjà. Ó fa kọ́là ẹ̀wù mi ya, mo gé e jẹ lápá, mo gé e jẹ débi tí ẹ̀jẹ̀ fi jáde.

Màmá mi kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá. Ó mú wa dúró, ó bi mí pé, “Ìwọ, níbo lo ti wò ó?” Mo ní sinimá. Ó kọjú sí bọ̀ọ̀dá mi: “Ìwọ ńkọ́?” Bọ̀ọ̀dá mi ní, “Nílé.”

Kent ló pè ní ilé. Màmá mi kò sọ nǹkan kan mọ́. Ó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tẹ̀ ẹ́.

Mo ti dàgbà kí n tó rí òótọ́ ọ̀rọ̀ náà. Nínú èyí tí wọ́n gé fún sinimá, Baltar kú. Nínú ti tẹlifíṣàn, wọ́n dá a sí, nítorí eré tó máa lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ọ̀tá tó ń padà wá. Òótọ́ ni èmi sọ. Òótọ́ ni bọ̀ọ̀dá mi sọ. Àpá eyín mi ṣì wà lápá rẹ̀ títí di òní, ìwọ náà ti rí i, o kàn ò mọ ohun tó fà á ni.

Nígbà tí bàbá wa kú, lẹ́yìn ìsìnkú, bọ̀ọ̀dá mi jókòó tì mí, ó ní, “Bàbá ò fẹ́ràn mi.” Ẹnu mi ti yà láti sọ pé irọ́ ni. Bàbá tó mú mi lọ sí sinimá pẹ̀lú oorun lójú! Baltar ló sọ sí mi lọ́kàn. Mo bi í pé, “Bọ̀ọ̀dá mi, báwo lẹ ṣe rí i?” Ó sọ fún mi. Ọkùnrin tó ń wá ní ọjọ́ Àìkú kan lóṣù, tó gbé páálí bisikíìtì dání, tó ń wo aago, nítorí ọkọ̀ ojú irin. A jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi ká àga ìnáwó tán.

Àjọkẹ́, ní oṣù Kìn-ín-ní 1998, ìjọba gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ báńkì 26 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èyí tí màmá yín ń bá ṣiṣẹ́ wà nínú wọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Láti ọdún náà títí ó fi pé ọmọ ọdún méjìlá, mọ́ínmọ́ín tí màmá yín ń tà la fi jẹun. Aago mẹ́rin ìdájí ni màmá rẹ ń jí i kó wá fọ ewé eéran nínú omi tútù, bí ewé bá sì ya, owó ló ya, á jágbe mọ́ ọn. N kò lè sọ fún ọ pé ó ń rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Èmi náà kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìwọ fi máa gbọ́n, ó ti ní ṣọ́ọ̀bù, ó ti sanra díẹ̀, ó ń bá rédíò kọrin. Màmá tó ń jó pẹ̀lú rẹ yẹn, ẹ̀gbọ́n rẹ kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n, ilé ẹ̀kọ́ tó ń gbé ló wà.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe rèé. Pè é, má tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Kí i dáadáa gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n, tọrọ àforíjì, má sì fi “ṣùgbọ́n” kún un. Lẹ́yìn náà, tọrọ àforíjì lórí WhatsApp ẹbí kan náà, nítorí gbangba lo ti sọ ọ́. Má ní kó pa ohun tó kọ rẹ́. Kọ tìrẹ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, èmi á tẹ méjèèjì sínú ìwé ìrántí náà.

Kí o tó gbé fóònù sílẹ̀, bi í nípa ewé. Bi í bí omi náà ṣe máa ń tutù tó, àti orin tí màmá yín máa ń kọ sábẹ́nu tó bá ku díẹ̀ kí ewé tán. Èmi gbọ́ orin náà láti inú yàrá, ṣùgbọ́n òun ló wà nídìí igbá. Ẹ̀gbọ́n rẹ máa ń ti ibi iṣẹ́ dé ní aago mẹ́jọ alẹ́.

Bàbá rẹ.